Àkàsọ̀ Olùkọ́ Ìṣègùn ní Lomé: Ta Ní Ń Gbé Dókítà Ga, Kí Ló sì Kan Aláìsàn Níbẹ̀?

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn dókítà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Lomé ṣe ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́, láti ìpele tó kéré jù dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fi ètò wọn wé ti Ìbàdàn àti ti Amẹ́ríkà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ ìgbéga ju ọ̀rọ̀ owó oṣù àti oyè lọ. Ẹ̀ka tí àgbà inú rẹ̀ kò bá tó nǹkan kò lè tọ́ àgbà mìíràn dàgbà, ará ìlú ló sì máa ń fara gbá a.

1. Ìfáárà

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Asigamé gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí CHU Sylvanus Olympio, ilé-ìwòsàn yunifásítì tí ọ̀pọ̀ ará Lomé ṣì ń pè ní Tokoin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ènìyàn bíi mẹ́jọ tó wọ aṣọ funfun yí ibùsùn ọmọ náà ká. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà ni ìyá náà ń pe gbogbo wọn, kò sì ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò wọn kò dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe lórí àìsàn ọmọdé wà lára wọn. Olùkọ́ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì ṣáájú wọn. Iye àwọn tó lè dúró síwájú bẹ́ẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀, wà lára ohun tí yóò pinnu bóyá dókítà tó mọ iṣẹ́ ọmọdé dunjú yóò wà ní Tokoin nígbà tí ọmọ yẹn bá bí ọmọ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní Lomé, ní Atakpamé àti ní Kútọnu ló ń rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn kí ọmọ tó di dókítà. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé ọ̀nà mìíràn ṣì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ fún dókítà tó bá fẹ́ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀nà kejì yìí ni a fẹ́ tọ̀. Faransé ni orúkọ àwọn ipò náà. A óò máa pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Lomé, a óò sì máa sọ ìtumọ̀ wọn bí a bá ṣe ń bá wọn pàdé.

2. Ọ̀rọ̀ ipò ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ wa

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ipò ti ń dun àwọn dókítà adúláwọ̀. Ní 1918, ìjọba amúnisìn Faransé dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń gbẹ̀bí, wọ́n ń bá àjàkálẹ̀ àrùn jà. Síbẹ̀ wọn kò fún wọn ní oyè dókítà kíkún. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n jẹ́ fún dókítà òyìnbó. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yaba ní 1930. Ìgbà tí yunifásítì dé ilẹ̀ wa, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú wọn, ni nǹkan tó yí padà. Ní Ìbàdàn, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Oladele Ajose wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìmọ̀ bí a ṣe ń dènà àrùn ló ń kọ́ni, òun ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1962.

Ní 1970 ni Togo dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Lomé. Université du Bénin ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Láti 2001 ló ti ń jẹ́ Université de Lomé. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn dókítà, ilé-ìwòsàn Tokoin àti CHU Campus sì ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn. Ilé méjì ni olùkọ́ ìṣègùn ń sìn: yunifásítì àti ilé-ìwòsàn. Ìlànà yìí ti Faransé wá, níbi tí òfin ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 1958 ti so ilé-ìwòsàn ńlá pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kí ẹnì kan náà lè máa tọ́jú aláìsàn, kó máa kọ́ni, kó sì máa ṣe ìwádìí.

3. Ìpele mẹ́rin

Ìpele mẹ́rin ni àkàsọ̀ náà ní.

*Assistant* ni ti ìsàlẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn, wọ́n máa ń fi ipò chef de clinique kún un, nítorí pé ẹni náà ní iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bó ti ní iṣẹ́ ní kíláàsì. Kí dókítà tó dé ibí, ó ti parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó ti gbèjà ìwé àṣekágbá rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ó sì ti lo ọdún mélòó kan sí i lórí iṣẹ́ àkànṣe kan, bíi iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé tàbí ìtọ́jú aboyún. Oyè àkànṣe yìí ni wọ́n ń pè ní DES.

*Maître-assistant* ni ìpele kejì. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti ní àtẹ̀jáde tirẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó lè gbé ẹ̀kọ́ kan lé èjìká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń dúró tì í.

*Maître de conférences agrégé* ni ìpele kẹta. Ibí ni ìdánwò ńlá tí a ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lé lórí wà. Ẹni tó bá yege ni àwọn ènìyàn ń pè ní agrégé, ní Lomé sì rèé, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà lọ.

*Professeur titulaire* ni ìpele kẹrin, òkè pátápátá.

Ìpele méjì ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ipò B, méjì ti òkè sì ni ipò A. Ìlà tó wà láàárín A àti B yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìlà yòókù lọ. Àwọn ará ipò A ni àṣà ilé-ẹ̀kọ́ fi ọlá fún láti jókòó sí ipò alága nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbèjà ìwé àṣekágbá, láti darí ẹ̀kọ́ àkànṣe, àti láti dá ẹjọ́ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

4. Ta ní ń sọ pé olùkọ́ tó láti gòkè?

Kì í ṣe Yunifásítì Lomé nìkan. Àjọ tí wọ́n ń pè ní CAMES ló ń ṣe é, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Madagascar dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Níbi ìpàdé kan ní Niamey ní 1968 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti pinnu láti dá a sílẹ̀. Lomé níbí ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1972. Ouagadougou ni olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Orílẹ̀-èdè 19 ló wà nínú rẹ̀, Togo àti Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Nàìjíríà àti Gánà kò sí níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. Olùkọ́ tó fẹ́ gòkè yóò kó ìwé rẹ̀ jọ: ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ni, ìwádìí tó ti tẹ̀ jáde, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti tọ́ sọ́nà. Yunifásítì tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá gba ibẹ̀ kọjá, ìwé náà yóò lọ sọ́dọ̀ CAMES, níbi tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn yóò ti kà á. Ìgbìmọ̀ ńlá ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Orúkọ ẹni tó bá yege á wọ inú ohun tí wọ́n ń pè ní liste d'aptitude, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n. Àkọsílẹ̀ yìí kò tíì fún un ní ipò. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni yóò yàn án sípò lẹ́yìn náà. CAMES ń sọ pé ó tó; ìlú rẹ̀ ló ń fi í jẹ.

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí kò ṣòro rí. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè kékeré, ó lè jẹ́ dókítà mẹ́ta péré ló ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan. Bí a bá ní kí wọ́n dá ẹjọ́ ara wọn, ojú á ro ojú, ìjà àná á wọ ọ̀rọ̀ òní, ẹni tí ọ̀gá fẹ́ràn á gòkè, ẹni tí wọn kò fẹ́ràn á jókòó sójú kan. Nígbà tí ará Dakar, Abidjan àti Antananarivo bá jọ ka ìwé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, iṣẹ́ tó ṣe ni wọn yóò wò. Àǹfààní kejì ni pé ipò tí ẹnì kan gbà ní Lomé ní ìtumọ̀ ní Cotonou àti ní Libreville, nítorí pé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

5. Ìdánwò agrégation

Nínú ọ̀pọ̀ ìmọ̀, ìwé nìkan ló tó láti gbé olùkọ́ dé ìpele kẹta. Nínú ìṣègùn, kò tó. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ fara hàn níwájú ìgbìmọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, Faransé ni àwọn dókítà ilẹ̀ wa ń lọ láti ṣe ìdánwò yìí. Láti 1982, CAMES ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, ní ọdún méjì-méjì. Ti ìmọ̀ ìlera máa ń bọ́ sí ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì, ìlú tó ń gbà á lálejò sì ń yí padà.

Olùdíje yóò sọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, wọn yóò sì bi í léèrè. Yóò kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níwájú rẹ̀, lórí kókó tí wọ́n fún un láti múra sílẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dókítà wọ́ọ̀dù, ó tún ní láti fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ hàn: yóò yẹ aláìsàn wò, yóò sì sọ ohun tó rí, ohun tó rò àti ohun tí òun yóò ṣe.

Ọdún méjì kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá kùnà yóò padà sílé, yóò sì dúró kí ìdánwò mìíràn tó dé. Bí àìsàn, ìbímọ tàbí ọ̀fọ̀ bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ọdún méjì mìíràn nìyẹn. Faransé fúnra rẹ̀ ti fi ìdánwò yìí sílẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní àwọn yunifásítì rẹ̀, ó sì ti mú ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan ní Áfíríkà ń bèèrè pé kí ló dé tí àwa ṣì dì í mú. Àwọn mìíràn ń dáhùn pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni pẹ̀lú ojú ara wọn, tó sì jẹ́ pé ìwé nìkan ni ibòmíràn ń kà. Ìdáhùn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀.

6. Ààbò iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìgbéga

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da nǹkan méjì yìí pọ̀: pé a kò lè lé ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, àti pé ẹni náà ti gòkè.

Ní Amẹ́ríkà, méjèèjì wé mọ́ra. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ibẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1940 sọ pé àkókò ìdánwò olùkọ́ kò gbọdọ̀ ju ọdún méje lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, a fún un ní iṣẹ́ tí a kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìnídìí, ìyẹn tenure, tàbí kó máa wá ibòmíràn lọ. Síbẹ̀, nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn, ọ̀pọ̀ dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn, tó sì ń kọ́ni, kò sí lójú ọ̀nà yẹn mọ́. Àdéhùn wọn ni wọ́n ń sọ dọ̀tun láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n sì lè di ọ̀jọ̀gbọ́n láìní tenure.

Ní Lomé, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tó jogún ètò Faransé, olùkọ́ yunifásítì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú. Bí àkókò ìdánwò rẹ̀ bá ti kọjá, tí wọ́n sì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, ó ti ní ààbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpele ìsàlẹ̀ ló wà. Ààbò tètè ń dé. Ìgbéga ló ń pẹ́. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè wà ní ipò maître-assistant fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ó sì sún síwájú.

Ti Nàìjíríà sún mọ́ ti Lomé ní apá kan, ó sì jìnnà sí i ní apá kejì. Níbẹ̀ náà, wọ́n máa ń fìdí iṣẹ́ olùkọ́ múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àkàsọ̀ wọn lọ báyìí: Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó kan Professor. Ṣùgbọ́n yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé olùkọ́ tirẹ̀ ga. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Reader tàbí Professor, wọ́n á fi iṣẹ́ olùkọ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ níta, àmọ́ ilé ni ìpinnu ti ń wá. Dókítà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn á tún gba ipò dókítà àgbà ní UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957. Dípò agrégation, oyè Fellow ni wọ́n ń lé, yálà ti ilé-ẹ̀kọ́ àgbà àwọn oníṣègùn Nàìjíríà tàbí ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àríyànjiyàn tó gbóná ti wà níbẹ̀ lórí bóyá oyè Fellow yìí tó fún olùkọ́ ìṣègùn, tàbí kó tún gba PhD kún un.

Nítorí náà, Yorùbá kan ní Ìbàdàn àti Yorùbá kan ní Lomé lè mọ iṣẹ́ abẹ kan náà bákan náà, kí ọ̀kan jẹ́ Fellow, kí èkejì jẹ́ agrégé. Èdè àti òṣùwọ̀n ló pààlà sáàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn lè fi ọkọ̀ rin ìrìn-àjò náà láàárín ọjọ́ kan.

7. Ohun tó kan aláìsàn

Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn, ọ̀rọ̀ yìí ju òwe lọ. Ẹ̀kọ́ àkànṣe kò lè dúró láìsí ẹni ipò A tí yóò darí rẹ̀. Bí ẹ̀ka kan bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo, tí ó sì fẹ̀yìn tì tàbí tó kú, àwọn maître-assistant tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè mọ iṣẹ́ náà dáadáa, síbẹ̀ wọ́n á máa wá àgbà láti ibòmíràn kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó lè gbèjà ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àkànṣe náà á wá ọ̀nà lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn kan nínú wọn kò ní padà.

Lómẹ́ nìkan kọ́ ló ń fẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí. Yunifásítì Kara, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera tirẹ̀. Inú agbo olùkọ́ kan náà ni méjèèjì ti ń bu. Nígbà tí ìwé ìgbéga ẹnì kan bá pẹ́ ní ọdún kan, ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni náà nìkan. Tí a bá wò ó dáadáa, ọdún kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ì bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

8. Iṣẹ́ tí òṣùwọ̀n kò wọ̀n

Ohun tó rọrùn jù láti kà nínú ìwé olùkọ́ ni àtẹ̀jáde. Wọ́n á wo iye rẹ̀, wọ́n á wo ìwé àtìgbàdégbà tó gbé e jáde, wọ́n á sì wo ibi tí orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn tó jọ kọ ọ́. Èyí tọ́. Ìwádìí ni a fi mọ ohun tí ń pa ọmọdé ní Lomé, tó lè yàtọ̀ sí ohun tí ń pa wọ́n ní Lyon.

Àmọ́ iṣẹ́ mìíràn wà tí kì í pọ̀ lórí ìwé. Olùkọ́ tó dúró wákàtí mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù, tó fi ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lé ikùn aláìsàn kó lè mọ bí ọlọ inú tó wú ṣe rí. Ẹni tó kọ́ ọ̀dọ́ dókítà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ikú fún ẹbí. Ẹni tó ń rí i pé ohun tí a sọ ní Faransé dé etí ìyá ọmọ ní èdè Mina, Kabiyè tàbí Yorùbá: gbogbo èyí jẹ́ ìkọ́ni. Wákàtí mẹ́ta yẹn kan náà ni ì bá fi kọ ìwé. Ẹni tó sá kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ kọ̀wé lè tètè gòkè ju ẹni tó dúró lọ. Bí ètò bá ń san èrè fún ẹni tó sá, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bí wọ́ọ̀dù bá ṣófo.

A kò sọ pé kí a fi ìwádìí sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ lè máa kọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù sílẹ̀ lọ́nà tó ṣeé fi ẹ̀rí hàn: iye wákàtí, iye akẹ́kọ̀ọ́, èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, àti ìjẹ́rìí àwọn ẹlẹgbẹ́. Ohun tí a kò kọ, àjòjì tó wà ní Ouagadougou kò lè rí i.

9. Àgbálọgbábọ̀

Fún ọ̀dọ́ dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di assistant, ẹ̀kọ́ inú gbogbo èyí kò pọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ jọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kó má dúró kí ọdún ìdánwò tó kù sí dẹ̀dẹ̀ kó tó máa wá àtẹ̀jáde. Kó sọ ọ̀rọ̀ ipò orúkọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjà tó ń wáyé lẹ́yìn iṣẹ́ kì í tán bọ̀rọ̀. Kó ṣọ́ra fún àwọn ìwé àtìgbàdégbà tó ń gba owó, tí wọn kì í yẹ iṣẹ́ wò. Kó sì kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Faransé, nítorí ọ̀pọ̀ ìwádìí ìṣègùn ayé ló wà ní èdè náà, títí kan àwọn èyí tó ń jáde ní Ìbàdàn, nítòsí wa níbí.

Fún àwọn àgbà, ẹ̀kọ́ kan ló wà: kí wọ́n ka iye àwọn tí wọ́n ti fà sókè mọ́ oyè tí àwọn fúnra wọn gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ̀yìn tì láìfi agrégé kan sílẹ̀ ti gba oyè. Àga rẹ̀ ni kò rí ẹni jókòó sí.

Ìyá tó ń ta aṣọ ní Asigamé kò ní bèèrè bóyá ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ jẹ́ ipò A tàbí ipò B. Kó tó ọ pé ẹnì kan wà níbẹ̀, tó mọ iṣẹ́ náà, tí ẹnì kan sì kọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń dá ẹjọ́ ìgbéga ni láti rí i pé ìlà àwọn tó ń kọ́ ara wọn yìí kò já.